Aago Tìámíyù Ò Purọ́, Táyà Ló Dàgbà

Bí ẹ bá dé Òkè-Ìrókò, tí ẹ gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń sọ fún ọkùnrin tí agbádá ìgbéyàwó rẹ̀ kò gba ikùn rẹ̀ mọ́ pé, "Aago Tìámíyù ò purọ́, táyà ló dàgbà," ẹ má ṣe wo ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà pé bóyá ó so aago. Kò so aago kankan. Ẹ má sì wá táyà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àlejò kan gbọ́ ọ lẹ́nu wa rí, ó bi wá pé báwo ni táyà ṣe ń dàgbà, ṣé a máa ń bomi rin ín ni? Ẹ̀rín la fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín fún àwọn tó bí i. Díẹ̀ ló kù kó tú ilé ká, ó sì ju Baálẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ ẹtù. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Awakọ̀ ni Tìámíyù. Lọ́rì onípákó ló ń wà láti Òkè-Ìrókò lọ sí ọjà Ìsẹ́yìn, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀ pé Ẹ̀SỌ̀ LAYÉ. Ojú rẹ̀ ti rí kó tó kọ ọ́. Nígbà èwe rẹ̀, eré ló máa ń sá bí ẹni tí oyin ń lé, títí ó fi da ọkọ̀ sí kòtò lọ́jọ́ kan, tòun ti ẹrù ata gígún tó kó. Ata náà tú sí gbogbo èrò lójú. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ṣùgbọ́n ẹkún tí wọ́n sun wọ̀lú lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé àwọn aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ òkú.

Obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ ata yẹn tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹyẹ ẹtù ló ń tà, Ìyá Ẹlẹ́tù sì ni gbogbo ayé ń pè é. Òun náà ni ìyá Sífáwù, ọmọbìnrin tí Tìámíyù fẹ́ fi ṣe aya. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ ọmọ, ó ní, "Ẹni tó fi ata bọ́ ìlú lójú, kí ni kò ní fi bọ́ ọmọ mi lójú?" Tìámíyù bẹ̀, àwọn ẹbí bẹ̀. Níkẹyìn, ìyá ní òun yóò gbà bó bá lè fi irin búra pé òun kò ní sáré kọjá ogójì mọ́ lórí aago tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Mùsùlùmí ni Tìámíyù, ṣùgbọ́n irin ló ń gbé e kiri, kò sì lè sọ pé òun kò mọ irin. Ó fi eyín kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní bí abẹ́rẹ́ aago òun bá kọjá ogójì, kí irin tí òun ń gùn dá a fún òun.

Ìyá Ẹlẹ́tù kò mọ̀wé. Ó pe ọlọ́dà tó kọ ọ̀rọ̀ síwájú ọkọ̀, ó ní kó kán ọ̀dà pupa bíńtín sórí dígí aago eré náà, ní ojú ibi tí ogójì wà gan-an.

"Ààlà nìyí," ló wí. "Abẹ́rẹ́ tó bá kọjá rẹ̀ ti wọ oko olóko."

Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tó bá ń kó ẹtù lọ sí Ìsẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ àna rẹ̀ níwájú ló ń jókòó. Àwọn èrò yòókù ń wo igbó, wọ́n ń wo òkè. Abẹ́rẹ́ ni Ìyá Ẹlẹ́tù ń wò. Bó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ ní kí Tìámíyù rọra ná, kí abẹ́rẹ́ má baà lo àǹfààní ojú tó dì.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọdún fi gorí ọdún. Sífáwù bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Mùtíátù. Àlàáfíà wà láàrin ìyá àti àna. Àfi ìgbà tí òjò ọdún kan wá pọ̀ jù, tí ọ̀nà Ìsẹ́yìn di ẹrẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ikùn Ẹ̀sọ̀ Layé ń wọ́ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ bí ikùn aboyún ewúrẹ́. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà lápá òkè ti parí iṣẹ́ wọn nígbà náà, wọ́n sì ń ta àwọn táyà ńláńlá tí ọkọ̀ wọn lò kù. Tìámíyù lọ ra èyí tó tó ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n gé lára pákó ọkọ̀ kí táyà náà tó lè wọlé. Nígbà tí wọ́n dè é tán, Ẹ̀sọ̀ Layé ga bí ẹni tó gun òpó. Àkàsọ̀ ni èrò fi ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́tù, tí kò ga rárá, ní láti dojú odó délẹ̀ kó gùn ún kó tó lè kan ilẹ̀kùn iwájú.

"Tìámíyù, ṣé ọkọ̀ la fẹ́ wọ̀ ni àbí àjà?"

"Màmá, ẹ fara dà á. A ò ní rì mọ́."

Lóòótọ́, wọn kò rì mọ́. Ṣùgbọ́n bí òjò ṣe dáwọ́ dúró tí ọ̀nà gbẹ, nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹtù ló kọ́kọ́ mọ̀. Orí lọ́rì ni wọ́n máa ń di apẹ̀rẹ̀ wọn mọ́. Ní ọjọ́ ọjà kan báyìí, nígbà tí wọ́n sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ìdajì wọn ló wà níhòòhò. Afẹ́fẹ́ ti tu ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn lọ. Oníbàárà kan wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun o. Ẹ ti bá wa tu ìyẹ́ wọn láti ilé."

Ẹni tó tún mọ̀ ni Ṣínábù onídìrí. Inú lọ́rì ni Ṣínábù ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Òkè-Ìrókò, á fa orí kan sáàárín itan, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Kí wọ́n tó wọ Ìsẹ́yìn, á ti parí, oníbàárà rẹ̀ á sì sọ̀kalẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ní báyìí, kí Ṣínábù tó dé àárín orí, wọ́n á ti máa gbọ́ ariwo ọjà. Ìyàwó ilé kan tó fẹ́ lọ kí àwọn àna rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ tòun ti ṣùkú lápá ọ̀tún, igbó kìjikìji lápá òsì. Ó ń sunkún. Ṣínábù gbé òòyà sókè, ó kọjú sí awakọ̀.

"Bọ̀dá Tìámíyù, eré yín ti pọ̀ jù! Ẹ wo orí ọlọ́rí lọ́wọ́ mi!"

"Eré kẹ̀? Orí ogójì ni mo wà. Ẹ bi Màmá."

Gbogbo ojú kọ sí Ìyá Ẹlẹ́tù, tó gbé ẹtù ìhòòhò kan mọ́ abíyá.

"Ó ṣojú mi," ló wí. "Abẹ́rẹ́ kò kọjá ààlà."

"Kí ló wá ṣe orí yìí, Ìyá?"

"Bóyá ọwọ́ rẹ ló ti ń fà."

Ọ̀rọ̀ náà délé kó tó dọ́nà. Ìlú gba Ìyá Ẹlẹ́tù gbọ́, nítorí obìnrin tó fi ọdún púpọ̀ ṣọ́ àna rẹ̀ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku kò ní purọ́ gbè é. Ọkọ̀ kò sáré, síbẹ̀ ó ń tètè dé. A jẹ́ pé ọ̀nà ló ń kúrú. Kí ló sì ń mú ọ̀nà kúrú? Àwọn àgbà rántí kánàkò, òògùn àwọn ọdẹ àtijọ́ tó ń ká ọ̀nà jọ bí ẹní, tí ẹni tó ní in á máa rìn jẹ́jẹ́ rẹ̀, á sì dé ṣáájú ẹlẹ́ṣin. Ẹnìkan wá sọ pé ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá Tìámíyù. Ó parí.

Tìámíyù kọ́kọ́ sẹ́. "Èmi kò ní òògùn kankan o. Ikọ́ gan-an, dókítà ló ń bá mi wò ó." Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pe ènìyàn ní alágbára láràárọ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò gbìyànjú láti gbé ọlọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ó rántí pé bàbá bàbá òun ti fọwọ́ pa òun lórí nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ta ló mọ ohun tó wà lọ́wọ́ náà? Nígbà tó yá, ó so àdó kan mọ́ iwájú ọkọ̀, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá iwájú táyà òun kọjá. Ó jáwọ́ nínú ilá jíjẹ, kí òògùn má baà yọ̀ bọ́ lára rẹ̀. Ó pe ọlọ́dà padà, ó ní kó pa Ẹ̀SỌ̀ LAYÉ rẹ́, kó kọ KÁNÀKÒ.

Sífáwù wo gbogbo rẹ̀, ó ní, "Bàbá Mùtíátù, òògùn tó lè ká ọ̀nà Ìsẹ́yìn kò ha lè ká ọ̀nà odò kí n má baà máa ru omi jìnnà?"

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni," ni ọkọ rẹ̀ fèsì.

Òkìkí náà dé etí Baálẹ̀ Ládìípọ̀. Baálẹ̀ ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ àkọ̀, ó sì fẹ́ràn ohun ìyanu. Ó fẹ́ lọ ṣe ìdána fún àrẹ̀mọ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ẹṣin ni ìlú rò pé yóò gùn, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ wọ Kánàkò, kí òun lè fojú ara òun rí bí ilẹ̀ ṣe ń ká. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀yìn lọ́rì, àwọn ìjòyè jókòó yí i ká, iṣu àti oyin ìdána wà lẹ́sẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ yẹn, nítorí ọlá Baálẹ̀, inú ọkọ̀ ni wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ ẹtù sí dípò orí rẹ̀, kí ẹtù má baà ṣu sí adé ìlú lórí. Ìyá Ẹlẹ́tù wà ní ìjókòó rẹ̀ níwájú.

Òjò kan ti rọ̀ ní ìdájí. Wọ́n gbéra. Tìámíyù gbé abẹ́rẹ́ dé ààlà, ó sì fi í síbẹ̀. Igi ń sá lọ sẹ́yìn. Baálẹ̀ di fìlà mú, ó ń kígbe ayọ̀ pé, "Ó ń ká! Mo rí i tó ń ká!" Àwọn ìjòyè náà rí i, nítorí ohun tí Baálẹ̀ bá rí, ìjòyè kì í fọ́jú sí i.

Kọ́nà kan wà tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Ayìnrín. Ó ti pẹ́ tí Tìámíyù ti mọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ bá ti wà lórí ọgbọ̀n, ọkọ̀ òun á yí kọ́nà náà láìsí wàhálà. Ó tẹ bíréèkì títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ sí ọgbọ̀n. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀. Ọwọ́ yí, ọkọ̀ kò yí. Ilẹ̀ tutù ló gbà á, Kánàkò sì fi ọ̀nà sílẹ̀, ó la oko ẹ̀gẹ́ kan já bí ẹni pé oko náà ló ń wá tẹ́lẹ̀, ó fi imú gún bèbè odò, ó sì dúró.

Kò sẹ́ni tó kú. Ọlọ́run ló ṣe é. Àwọn ìjòyè wà nínú ẹ̀gẹ́, oyin ìdána wà lára àwọn ìjòyè. Ẹtù ń fò káàkiri. Wọ́n wá Baálẹ̀ títí wọn kò rí i, àfi ìgbà tí apẹ̀rẹ̀ kan sọ̀rọ̀. Orí àti apá rẹ̀ ló wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ gígùn méjèèjì wà lókè, ẹtù kan tó kọ̀ láti sá lọ sì bà lé orúnkún rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ẹ̀rín tán. Ìyá Ẹlẹ́tù kò lè dìde. Kókósẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Ó ń wo abẹ́rẹ́ aago, ó ń wo àna rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Baálẹ̀ pe ìpàdé sí iwájú ilé rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Tìámíyù, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé o fi irin búra. Irin kì í gbé ènìyàn ṣubú lásán. Ṣé o kọjá ogójì àbí o kò kọjá?"

"Baálẹ̀, kí ẹ̀mí yín gùn. Abẹ́rẹ́ kò kọjá ààlà. Màmá wà níbẹ̀."

Wọ́n ti gbé Ìyá Ẹlẹ́tù wá sórí àga.

"N kò ní purọ́," ló wí. "Ojú mi rí abẹ́rẹ́, kò kọjá. Ṣùgbọ́n ojú mi ló rí ogójì. Egungun mi rí nǹkan mìíràn. Èmi kò mọ èyí tí n ó gbàgbọ́ mọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ti rí ọgbọ́n kan dá sí abẹ́rẹ́ yẹn, tó fi gbé mi jókòó síbẹ̀ bí ọ̀dẹ̀ lójoojúmọ́, mo fẹ́ gba ọmọ mi padà."

Baálẹ̀ ní bó bá jẹ́ pé Tìámíyù dalẹ̀ irin, ará Òkè-Ìrókò kankan kò ní wọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, Sífáwù yóò sì kẹ́rù lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó dá ọjọ́ tí òun yóò sọ ìdájọ́.

Tìámíyù délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àdó òfìfo tó ti já kúrò níwájú ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sífáwù wá jókòó tì í.

"Bàbá Mùtíátù, èmi nìkan ló wà níbí. Ṣé ẹ sáré?"

Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà. "N kò mọ̀, Sífáwù. Aago ní n kò sáré. Ẹsẹ̀ Màmá ní mo sáré. Bí mo bá ní aago ló tọ̀nà, mo pe ẹsẹ̀ Màmá ní òpùrọ́."

"Kánàkò yín ńkọ́?"

"Bí mo bá ní kánàkò, ṣé n kò bá ti ká kọ́nà yẹn kí ó tó jù wá sí bèbè odò?"

Sífáwù rò ó. Kò gbà pé ọkọ òun jẹ́ aṣebi. Ó mọ̀ ọ́n ní afọ́nnu lásán. Nígbà tí ìpàdé tún pé, ó kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀, ó ní, "Baálẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n máa fi tú ilé mi. Bí ẹlẹ́rìí kan bá dá sọ̀rọ̀, ẹ máa ń pe èkejì. Aago kan ṣoṣo la ti ń gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe aago mìíràn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Baálẹ̀ létí. Búsàrí ni awakọ̀ kejì tó wà ní ìlú, ẹni tó ń kó pákó. Lọ́rì tirẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe tà á. Wọ́n fa ọkọ̀ Tìámíyù kúrò ní bèbè odò, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kó ọkọ̀ méjèèjì lọ sí ibi tí ọ̀nà ti tẹ́ tó sì gbòòrò lẹ́yìn ìlú. Baálẹ̀ jókòó ti Búsàrí. Ìyá Ẹlẹ́tù fi igi tẹ̀lẹ̀, wọ́n gbé e sókè, ó jókòó ti àna rẹ̀. Gbogbo ìlú tò sẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn kan gbé àga wá.

Ọkọ̀ méjèèjì gbéra, wọ́n ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n dọ́gba bí màlúù méjì lábẹ́ àjàgà kan. Kò sí èyí tó ṣáájú. Baálẹ̀ yọ orí síta, ó figbe ta.

"Tìámíyù! Kí ni aago rẹ wí?"

"Ogójì, Baálẹ̀!"

"Irọ́ ni!" ni Búsàrí kígbe. "Àádọ́ta la wà!"

"Ogójì!" ni Ìyá Ẹlẹ́tù náà kígbe. "Ó wà lórí ààlà gan-an!"

"Ìyá, àádọ́ta ni! Ẹ wá wo tèmi!"

"Kí n fò wá ni?"

Bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn lọ nìyẹn, orí mẹ́rin níta fèrèsé, títí Búsàrí fi rántí pé kò sẹ́ni tó ń wo ọ̀nà. Wọ́n dúró lójijì níwájú agbo ewúrẹ́ kan.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Búsàrí fi Ọlọ́run búra pé aago òun kò ṣìṣe rí. Tìámíyù tún fi eyín kan kọ́kọ́rọ́. Baálẹ̀ ní, "Ọkọ̀ méjì ń lọ pọ̀, wọn kò ya ara wọn, ọ̀kan ní ogójì, èkejì ní àádọ́ta. A jẹ́ pé aago kan ń purọ́." Ìjòyè kan dámọ̀ràn pé kí wọ́n fún aago méjèèjì ní omi irin mu, kí wọ́n wo èyí tí yóò kú. Baálẹ̀ ní kó lọ jókòó.

Òòrùn mú. Baálẹ̀ kọrí sí abẹ́ igi kan, Ìyá Ẹlẹ́tù ń wọ́sẹ̀ tẹ̀ lé e tòun ti igi ìtilẹ̀. Baálẹ̀ kò yára rárá, síbẹ̀ ó ti fi í sílẹ̀ jìnnà.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra! Ìṣísẹ̀ yín kan, méjì tèmi ni. Bí a bá jọ ń ka ẹsẹ̀, ẹ ó ti délé yín, èmi á ṣì..."

Ó dúró sójú kan láàárín òòrùn. Ó yí padà, ó ń wo ẹsẹ̀ Baálẹ̀. Ó wo táyà Búsàrí. Ó wo táyà àna rẹ̀, tó ga dé èjìká òun fúnra rẹ̀.

"Tìámíyù," ló wí jẹ́jẹ́, "aago yẹn, ṣé ó ní ojú tó fi ń wo ọ̀nà?"

"Màmá, aago kẹ̀? Kò ní ojú."

"Báwo ló ṣe mọ bí a ṣe ń sáré?"

Tìámíyù họ orí. "Okùn kan ló ti ìdí ọkọ̀ wá, Màmá. Bí táyà bá ṣe ń yí ni okùn náà ń yí. Òun ló ń sọ fún abẹ́rẹ́."

"Ẹsẹ̀ ló ń kà nígbà náà. Kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà gùn tàbí ó kúrú."

"Kò mọ̀, Màmá."

"Nígbà tí o wá wọ bàtà òmìrán fún ọkọ̀, ṣé o sọ fún aago?"

Tìámíyù yíjú sí ọkọ̀. Ó wo táyà. Ó wo aago. Ó di orí mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àárín ọ̀nà. Gbogbo ọ̀nà tí ó rò pé ó ń ká, táyà ló ń gbé e mì. Ẹsẹ̀ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gbé báyìí ju ẹsẹ̀ kan àtijọ́ lọ, aago sì ń ka ẹsẹ̀ kan sí ẹsẹ̀ kan. Èyí tó pè ní ogójì, àádọ́ta ni. Èyí tó fi wọ kọ́nà Ayìnrín, kì í ṣe ọgbọ̀n. Ó rántí gbogbo èrò tó ti gbé, Sífáwù, Mùtíátù, àwọn tí ń dirun lẹ́yìn rẹ̀. Ó wọ́ lọ síbi tí ìyá aya rẹ̀ dúró sí, ó dojú bolẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín."

Baálẹ̀ ti padà wá láti abẹ́ igi. "Ìyá Ẹlẹ́tù, ìwọ lo ni ẹjọ́. Ṣé ọkùnrin yìí dalẹ̀ irin?"

"Kò dalẹ̀, Baálẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló fi búra, abẹ́rẹ́ kò sì kọjá."

"Aago ló wá purọ́?"

Ìyá Ẹlẹ́tù mi orí. "Aago Tìámíyù ò purọ́, táyà ló dàgbà. Ohun tó mọ̀ látijọ́ ló ń sọ. Àwa la kò sọ fún un pé ayé ti yí. Dìde, ọkọ ọmọ mi. Dìde, kí o gbé wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀."

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti lè tún irú rẹ̀ ṣe. Wọ́n rọra lọ. Ìyá Ẹlẹ́tù fi àtàǹpàkò tẹ dígí aago ní ìsàlẹ̀ ọ̀dà pupa, ó ní, "Ibí ni ààlà òní," kò sì gbé ìka náà kúrò títí wọ́n fi débẹ̀. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú ibi tí okùn aago ti bẹ̀rẹ̀, ó yọ irin róbótó kékeré kan tí eyín yí ká. Ó fi òmíràn tí eyín rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí okùn lè máa yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó bá táyà ńlá náà mu. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n tún fi ọkọ̀ méjèèjì rìn pọ̀. Baálẹ̀ kígbe béèrè. Búsàrí ní ogójì, Tìámíyù ní ogójì. Ìlú hó yèè.

Ariwo náà kò tíì lọ sílẹ̀ tán tí ìráhùn fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti tún gùn! Àwọn èrò ní mẹkáníìkì ti ba òògùn Tìámíyù jẹ́. Wọ́n rán àwọn àgbà mélòó kan lọ bá mẹkáníìkì náà pé kó jọ̀ọ́, kó dá irin kékeré yẹn padà, nítorí inú rẹ̀ ni kánàkò wà. Ọkùnrin náà ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó fún wọn. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e wálé. Kò ká ọ̀nà kankan. Ṣínábù onídìrí nìkan ni inú rẹ̀ dùn, nítorí orí odidi ló tún ń sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Ẹlẹ́tù kò wọ lọ́rì mọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi san. Ọjọ́ tó padà, ó gun odó rẹ̀, ó jókòó síbi tó ti máa ń jókòó, Tìámíyù sì rọra gbéra. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà pupa, ó dúró.

"Màmá, ẹ wò ó," ni Tìámíyù wí. "Ó wà lórí ààlà. Òótọ́ ló ń sọ báyìí."

"Mo gbọ́," ni ìyá dáhùn. Ṣùgbọ́n kò wò ó. Igi ẹ̀bá ọ̀nà ló ń wò, bí wọ́n ṣe ń kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń rí ewé wọn.

Ìdí nìyí tí Òkè-Ìrókò fi ń sọ ọ́ fún ẹni tó di ìwọ̀n àná mú, tí ohun tó ń wọ̀n sì ti yí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí bàbá kan bá ń bínú pé ẹ̀kọ tó ń yó ọmọ òun tẹ́lẹ̀ kò yó o mọ́, tàbí tí olórí ilé kan ń fi ohùn tó fi ń pàṣẹ fún ìyàwó tuntun pàṣẹ fún un nígbà tó ti di ìyá ọmọ mẹ́fà, a kì í pè é ní òpùrọ́. A ó kàn sọ fún un pé kó tún ẹsẹ̀ wò kó tó ka ìṣísẹ̀: aago Tìámíyù ò purọ́, táyà ló dàgbà.